Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò òbí yín kú sínú gáréèjì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn ìdílé Yorùbá tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí bàbá tàbí ìyá wọn ra mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, nígbà tí ara wọn ṣì le, tí mọ́tò náà wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ, tí kálukú ń sọ pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tapólì ni wọ́n dà bò ó láti ọdún mọ́dún.

Lójú tèmi, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní títà, kò sì yẹ ní fífi pamọ́. Wíwà ló yẹ kí ẹ máa wà á, ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè tí ojú ọjọ́ bá dára.

Tiwa jẹ́ MGB GT ọdún 1972, ìyẹn mọ́tò MGB ti ilé iṣẹ́ MG, irú èyí tó ní òrùlé irin, tí bàbá wa olóògbé rà ní àlòkù. Abingdon, ìlú kékeré kan nítòsí Oxford, ni wọ́n ti ṣe é. Láàárín 1962 sí 1980 tí wọ́n ṣe MGB, iye tó jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ìdí sì nìyí tí páàtì rẹ̀ kò fi wọ́n títí di òní. Àní odidi bọ́dì tuntun ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ìdí kan náà ni owó rẹ̀ kì í fi í pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá ń sọ pé kí á tà á ká fi parí ilé tó wà ní Ìjẹ̀bú, kó kọ́kọ́ bá wa pín owó náà sọ́nà iye ọmọ tó wà nílẹ̀, yóò rí i pé kò tó sìmẹ́ńtì.

Ìdúró ló ń pa mọ́tò tó ti dàgbà. Bí ó bá fi oṣù mélòó kan wà lójú kan, epo bẹntiróòlù inú rẹ̀ á bàjẹ́, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì á gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bíréèkì á gan, táyà á tẹ́ níbi tó fi kanlẹ̀, bátìrì á sì kú. Aṣọ òfì tí a kì í yọ síta, inú àpótí ni kòkòrò ń bá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wà á déédéé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tó ń ṣe é. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ tiwa, kí ẹ́ńjìnnì tó jí rárá, mo máa ń gbọ́ pọ́ǹpù epo lápá ẹ̀yìn tó ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, títí kábúrétọ̀ méjèèjì yóò fi kún, á wá dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé epo ti tán nínú táǹkì, ó sì lè jẹ́ pé ó ń jò níbì kan, n kì í sì í gbé e kúrò nílẹ̀ títí n ó fi mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún epo náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, bẹntiróòlù tí wọ́n po ethanol (irú ọtí kan) mọ́, ti di epo tí gbogbo ènìyàn ń rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ethanol inú rẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ páìpù rọ́bà àtijọ́. E5, tí ethanol inú rẹ̀ kéré sí ìyẹn, ni kí ẹ máa rà, bó tilẹ̀ wọ́n ju ìyẹn lọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù tún burú ju epo lọ, nítorí pé MGB kò ní ṣáàsí ọ̀tọ̀. Bọ́dì ló ń gbé ara rẹ̀ ró, lára irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn sì ni agbára rẹ̀ wà. Bí irin yẹn bá dógùn-ún títí tó fi lu, panẹ-bítà tó bá fi pọ́tì dí i, tó kun ọ̀dà lé e, ewu ló bò mọ́lẹ̀ fún yín.

Òfin kò ni wá lára. Mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 40 kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún owó orí náà lọ́dọọdún. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àyẹ̀wò MOT, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì, kò pọn dandan fún un bí wọn kò bá ti yí i padà ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí nínú àwọn tó ń san pọ́n-ún 12.50 lóòjọ́ fún ULEZ, àgbègbè tí ọkọ̀ tó ń tú èéfín burúkú ti ń sanwó, ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, mo ń gbé tiwa lọ fún MOT lọ́dọọdún, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ mọ́tò náà bíi tèmi bá mi wo abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló le jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú V5C, ìwé tí wọ́n fi forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ló ni mọ́tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà gan-an pé kì í ṣe ẹ̀rí ìní. Mo mọ ìdílé tí èyí àkọ́bí ti tà á láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọn kò sì jọ jẹun mọ́. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogún gbogbo yín ni, kí ẹ sì pín ẹrù rẹ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní tiwa, ọ̀dọ̀ mi ni mọ́tò ń gbé, èmi ni mo sì ń tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń san ìnṣọ́ráǹsì, irú èyí tí ẹ ó ti jọ fẹnu kò sí iye tí mọ́tò tó kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Àbúrò wa ló ń ra táyà àti páàtì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde ní Sátidé yóò kọ́kọ́ pe àwọn tó kù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ṣóòkì, ohun tó ń jẹ́ kí epo pọ̀ sí i kí ẹ́ńjìnnì lè jí, ní òwúrọ̀ tó tutù.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n ní báyìí pé níbo ni rìsíìtì àtijọ́ wà, mẹkáníìkì wo ló tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ta ni wọ́n sì fẹ́ kó máa wà á lẹ́yìn wọn.

Emi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Lọ́ńdọ̀nù