Ewúrẹ́ Kì Í Wàjà

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Màmá rẹ fi ìwé tí o gbàgbé sórí tábìlì hàn mí. Ogún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójúmọ́! O káre. Àmọ́ bí o ṣe tò wọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn: ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìtumọ̀ ẹyọ kan lápá ọ̀tún, ó parí.

Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré, ọ̀gá wa fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo ti há "enormity" sórí pé "títóbi" ni. Ni mo bá yin "the enormity of your service", mo tún gbé ohùn sókè níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a jẹ ìrẹsì tán, ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n lọ yẹ díkíṣọ́nárì wò. Àṣé ìwà ìkà tó burú jáì ni àwọn tó gbọ́ èdè náà délé ń pè bẹ́ẹ̀! Títí dòní, bí mo bá rántí, etí mi á gbóná.

Wò ó, "kú" àti "wàjà", ìtumọ̀ kan náà ni a máa kọ sápá ọ̀tún ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé ewúrẹ́ ìyá elépo wàjà tí kò ní rẹ́rìn-ín? O kọ "olókìkí" síwájú "notorious". Òkìkí ni lóòótọ́, òkìkí olè. Jọ̀ọ́, má fi ki pásítọ̀ wa o.

Mú márùn-ún péré lójúmọ́. Wá gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹyọ nínú ìwé ìròyìn, dà á kọ, kí o wá fi ṣe tìrẹ. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi yín, 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, inú gbólóhùn ni wọ́n sì ti máa ń ní kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ a tún máa ní ẹbí. Bí o bá gbọ́ Fálànà, Fákúnlé, Fágbèmí, o mọ̀ pé ilé Ifá ni wọ́n ti wá. Loquacious, eloquent, soliloquy: ọ̀rọ̀ Látìn fún ọ̀rọ̀ sísọ ló wà nínú gbogbo wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni aláròyé, ìkejì ni ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìkẹta ni ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń dá sọ lórí ìtàgé.

Mo ki díkíṣọ́nárì mi sínú àpò gààrí tí màmá rẹ fi ránṣẹ́. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, àmọ́ abala E pé. Mo ti fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ