Lẹ́tà sí Bọ̀dá Mi, Lórí Joey Benjamin

Bọ̀dá mi,

Mo ti rí i. Àárín Bíbélì yín ló wà, nínú àpótí tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí: káàdì tí ẹ rà lẹ́nu ọ̀nà The Oval, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹjọ, ọdún 1994. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ẹ fi báírò yí orúkọ Joey Benjamin po, ẹ kọ 4 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ débi pé ojú ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Omi ò bọ́ lójú mi níbi ìsìnkú yín. Káàdì yìí ló mú mi.

Bọ́ọ̀sì 36 la wọ̀ láti Peckham. Oorun iṣẹ́ alẹ́ ṣì wà lójú mi, ẹ sì ń fi ìgúnpá ta mí jí. Ẹ̀yin tí ẹ ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ní Government College Ìbàdàn, tó wá jẹ́ pé igi mọ́ọ̀pù lọwọ́ yẹn ń dì mú ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Benjamin bọ́ síwájú, ẹ dìde dúró. “Wò ó! Ọmọ ọdún 33 nìyẹn o, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ rèé fún Ẹ̀ńgílándì!” Ẹ mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni mọ oríkì: wọ́n bí i ní Saint Kitts, ó ti ibẹ̀ wá sí ìlú òyìnbó, ó ti di ọmọ ọdún 27 kí ẹgbẹ́ Warwickshire tó fún un láyè, lẹ́yìn náà ló wá sí ẹgbẹ́ Surrey. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ gbá Kepler Wessels, balógun South Africa, lẹ́sẹ̀ níwájú òpó, ọ́ńpáyà na ìka sókè pé kó jáde, ẹ dì mọ́ mi gbàgì. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ló lé jáde, wíkẹ́ẹ̀tì 4 nìyẹn, máàkì 42 péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi yín pé ṣé wọ́n á tún pè é. Ẹ ní, “Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó ṣe é re, wọ́n á tún pè é, àbúrò.”

Wọn ò pè é mọ́ fún irú eré yẹn, tẹ́ẹ̀sì ọlọ́jọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé, Devon Malcolm, ajubọ́ọ̀lù Ẹ̀ńgílándì mìíràn, gba wíkẹ́ẹ̀tì 9, wọn ò rí ju máàkì 57 gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo tiẹ̀ sì bo gbogbo ilé. Wọ́n mú Benjamin dé Ọsirélíà ní ọdún yẹn kan náà, ó gbá eré ọlọ́jọ́ kan méjì, ó tán. Ó padà sí Surrey, ó ń ju bọ́ọ̀lù lọ títí di 1999, nínú òtútù oṣù Kẹrin, níwájú àwọn bàbá arúgbó tó gbé fúláàsì tíì dání. Wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ lé ní 380 lápapọ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2021 ló kú, ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Nígbà tí eré parí lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ dúró sí ẹnu géètì kí n lè rí i bó bá jáde. Ẹ fà mí lápá aṣọ. Bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi já, mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á, ẹ ní kí n fi sílẹ̀, iṣẹ́ ń dúró dè wá. A débẹ̀, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Orí àtẹ̀gùn la jókòó sí fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Bọ̀dá mi! Kí ló dé? Àbí ẹ ò fẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀ nítòsí, nítorí ọwọ́ tiyín? Mo yẹ kí n ti bi yín. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bọ̀ wá kí yín, bọ́tìnnì yẹn wà lẹ́nu mi, mo ń gbé e mì.

Bàbá arúgbó kan ni mo tọ́jú kẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, tí mo ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, títí ó fi sùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ dì mọ́ mi. Ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún wa ní mo ṣe dáadáa, pé àwọn á pè mí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Owó ilé ti wọlé dé.

Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì yín lórí tábìlì. Mo ti yí ohùn rẹ̀ sókè.

Àbúrò yín.