Káyọ̀dé, U-2 ni bàálù dúdú tí o rí yẹn

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bàálù dúdú alápá gígùn tí o ní ó ń kọjá níhà àríwá Sacramento, tí o pè ní gílídà (bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì), U-2 ni, bàálù amí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà. Beale tó wà nítòsí yín ni ibùdó rẹ̀. Ohun tí o sọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́, nítorí gílídà tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì bọ̀ nínú ni. Apá rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 103 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ gígùn ara rẹ̀ ò ju 63 lọ. Apá yẹn ló ń gbé e ga, apá yẹn náà ló ń kó gbogbo wàhálà bá ẹni tó ń wà á.

Ó ń fò kọjá 70,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bàálù èrò tí ń lọ sí London kì í sábà kọjá 40,000. Lókè yẹn, atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́ débi pé èyí tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ilẹ̀. Bàálù gbọ́dọ̀ sáré kí ìwọ̀nba yẹn tó lè gbé e. Tó bá rọra jù, apá ò ní gbé e mọ́, imú á dorí kodò. Tó bá sì sáré jù, á súnmọ́ ìyára ohùn, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì lè já sọ́nà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lè máà ju nọ́ọ̀tì 10 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 18 ní wákàtí kan. Igun pósí ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ń yí, apá ti inú ń rọra, ti ìta ń sáré, ewu méjèèjì sì lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ darí bàálù ni wọ́n ń jẹ́ kó di ìyára náà mú. Ìrìnàjò rẹ̀ lè tó wákàtí mẹ́wàá, ọwọ́ ènìyàn á sì rẹ̀ kó tó parí.

Ti ẹni tó wà nínú rẹ̀ tún le jù. Láti nǹkan bíi 63,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè, ooru ara lásán ti tó láti mú omi hó. Bí afẹ́fẹ́ bá jò nínú yàrá awakọ̀, aṣọ tó wọ̀ á wú fúnra rẹ̀, á sì máa fi afẹ́fẹ́ tẹ ara rẹ̀. Náítírójìn inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú pẹ̀lú ọ́síjìn, tún wà níbẹ̀, èyí tí í máa hó nínú oríkèé tàbí nínú ọpọlọ bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá dínkù. Nítorí rẹ̀ ni awakọ̀ fi ń mí ọ́síjìn nìkan fún wákàtí kan gbáko kó tó gbéra. Tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá náà rí bíi ti ibi tó ga tó 29,000 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ti tún un ṣe débi pé ó rí bíi ti 15,000, àìsàn tí náítírójìn yẹn ń fà sì dínkù gan-an. Oúnjẹ? Inú túùbù bíi ti ọṣẹ ìfọyín ló wà, ọ̀pá kékeré ni wọ́n fi ń fà á gba ihò ara akoto.

Epo lásán kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òmíràn á dì nítorí òtútù, òmíràn á fẹ́ lọ bí ooru omi gbígbóná. Shell ló ṣe èyí tó ń lò. Lọ́dún 1955, ohun èlò tí wọ́n ń fi ṣe Flit, oògùn ẹ̀fọn tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa, ni wọ́n kó lọ ṣe epo náà, ni Flit bá wọ́n lọ́jà Amẹ́ríkà.

O bèèrè pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe nígbà tí sátẹ́láìtì wà. Àkókò tí sátẹ́láìtì ń kọjá ṣeé ṣírò, ọ̀tá á sì ti kó nǹkan pamọ́. U-2 ń lọ nígbà tí wọ́n bá rán an, ó sì ń dúró pẹ́. Láti 70,000, ojú ń ríran tó nǹkan bíi 300 máìlì, nítorí náà ó lè rìn létí ààlà láì wọ ìlú onílùú. Rédà rẹ̀ ń ríran gba inú kùrukùru àti òkùnkùn, ẹ̀rọ mìíràn ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò. Imú rẹ̀ ṣeé yọ, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti rí.

Gíga nìkan ò kúkú dáàbò bò ó mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, Francis Gary Powers, awakọ̀ U-2, gbéra ní Peshawar ní Pakistan, S-75, mísáìlì tí àwọn Soviet ń yìn láti ilẹ̀, sì já a bọ́ nítòsí Sverdlovsk ní ilẹ̀ Soviet. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1962, Richard Heyser fi U-2 ya fọ́tò mísáìlì àwọn Soviet ní Cuba. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn, S-75 mìíràn pa awakọ̀ U-2 Rudolf Anderson lókè erékùṣù yẹn.

Bíbalẹ̀ rẹ̀ ló wù mí jù láti ṣàlàyé. Ẹsẹ̀ méjì tó ní táyà tò tẹ̀lé ara wọn bíi ti kẹ̀kẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan nídìí. Àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké méjì tó gbé apá dúró nílẹ̀ ń já bọ́ nígbà tó bá ń gbéra. Kó tó balẹ̀, awakọ̀ á kọ́kọ́ dín ìyára kù lókè, á wo apá tó kọ́kọ́ ṣubú, á sì fa epo láti inú èyí tó wúwo sí ìkejì. Tí nọ́ọ̀tì mélòó kan bá lé, bàálù ò ní fẹ́ kanlẹ̀, á máa léfòó lọ títí rọ́nwéè á fi tán. Ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni apá gbọ́dọ̀ jáwọ́ gbígbé e, kí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ìdí kanlẹ̀ pọ̀. Bí ti iwájú bá ṣáájú, yóò ta padà sókè. Akoto àti imú gígùn yẹn ò sì jẹ́ kó rí ilẹ̀ dáadáa, nítorí náà awakọ̀ U-2 mìíràn á fi mọ́tò sáré tẹ̀lé e, á máa ka gíga fún un lórí rédíò: mẹ́wàá, márùn-ún, méjì. Bó bá dúró, apá kan á sùn sílẹ̀ lórí irin tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wá gbé e dìde, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Bí wọ́n bá ṣí Beale fún ará ìlú, kó àwọn ọmọ lọ, kí o sì jẹ́ kí wọ́n wo mọ́tò yẹn. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Wálé