Lẹ́tà sí Ẹni Tí Ó Ni Ilé Ẹ̀gbẹ́ Òkè

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ẹ̀gbẹ́ òkè,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ti dúró nínú yàrá yín, mo sì ti gbé ọwọ́ lé ojú fèrèsé tí ó kọjú sí adágún. Ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá ni àgéǹtì tí ó ń bá yín ta ilé náà mú mi wọlé nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ó sọ iye yàrá fún mi, ó sọ ìgbà tí ẹ pààrọ̀ òrùlé, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù lọ, ẹni tí ó ti sùn nínú ilé náà láti ọdún dé ọdún nìkan ni ó lè sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ọjọ́ kọkànlá mi nìyí ní agbègbè yín, ìfẹ́ ibẹ̀ sì ti wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo dé, ewé tútù ni ó ṣì pọ̀ lórí igi. Lónìí, òkè tí ó wà ní òdìkejì adágún pọ́n bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ àlàárì bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wo kùrukùru tí ó máa ń bo omi, tí àwọn ilé ìsàlẹ̀ yóò rì sínú rẹ̀, tí tiyín yóò sì dúró gedegbe lókè. Atẹ́gùn tútù wúwo ju èyí tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, nítorí náà ó máa ń ṣàn wálẹ̀ lóru, á sì jókòó sí àfonífojì. Mo gbà pé ìbùkún ni èyí jẹ́ fún ilé tí ó wà ní agbedeméjì òkè.

Àwọ̀ ewé gan-an ni ó kọ́kọ́ gbé ìbéèrè kalẹ̀ lọ́kàn mi. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú tí òtútù sì ń mú, igi yóò dáwọ́ pípèsè kílórófíìlì dúró, ìyẹn èròjà tí ó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, èyí tí ó wà nínú ewé tẹ́lẹ̀ yóò sì túká. Nígbà náà ni àwọ̀ ìyeyè yóò hàn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti wà nínú ewé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíbò ni kílórófíìlì bò ó mọ́lẹ̀. Pupa ni igi máa ń ṣe ní tuntun, láti ara ṣúgà tí ó há sínú ewé, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ràn dáadáa lọ́sàn-án tí òru sì tutù láìjẹ́ pé omi dì. Mo wá ń bi ara mi léèrè ohun tí ewé tí mo ń gbádùn yìí ń bò mọ́lẹ̀ fún mi. Ọ̀wọ́ igi ni ó wà láàárín ilé yín àti títì. Nígbà tí wọ́n bá wọ́wé tán, ṣé ariwo ọkọ̀ kì í wọlé tọ̀ yín wá?

Oòrùn ni ó ká mi lára jù. Mo fi kọ́ńpáàsì wò ó, mo sì rí i pé àríwá ni adágún wà, òkè gíga sì wà lẹ́yìn ilé ní ìhà gúúsù. Ní ibi tí ó jìnnà tó ìwọ̀n 50 díẹ̀gírì sí àríwá agbedeméjì ayé, nǹkan bí wákàtí 8 péré ni ojúmọ́ máa ń jẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan kì í sì ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 17 lọ láti ìlà ojú sánmà. Òkè tí ó bá ga ju ìyẹn lọ lójú ẹni yóò gbé e mì pátápátá. Ìlú kan wà ní Nọ́wè tí ń jẹ́ Rjukan, tí òjìji òkè máa ń bò láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹta, tí wọ́n fi gbé dígí ńlá 3 sí orí òkè ní ọdún 2013 kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí gbàgede ìlú wọn. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: òkùnkùn máa ń wúwo lọ́kàn mi.

Mo rí àga kan lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná yín, tí ìrọ̀rí rẹ̀ ti ṣá ní apá kan. Oòrùn ni ó ṣá a, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n ti ìgbà wo? Mo rí igi ìdáná tí ẹ tò sí abẹ́ òrùlé, ó ga dé èjìká mi. Ṣé ti ìgbà òtútù kan ni, tàbí ti méjì? Bí yìnyín bá bo ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ kì í lè sọ̀ kalẹ̀?

Ọdún kẹrìnlá nìyí tí mo ti ń gbé inú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Àwọn ọmọ ti lọ, iṣẹ́ mi kò sì so mí mọ́ ibì kan mọ́. Ìfẹ́ láti kó kúrò kì í ṣe ti àná. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé ìsinmi ni mo wá, gbogbo ohun tí mo ń rí ni ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Mo ti sọ fún àgéǹtì pé n kò ní dá a lóhùn kí n tó padà wá ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. N kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹnu ọ̀nà ni n óò dúró sí ní agogo méjìlá ọ̀sán, kí n wo ibi tí òjìji òkè dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ìlà kan péré sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi: oṣù wo ni ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ wá wo ilé náà?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àlejò ọjọ́ Sátidé