Sí Màmá mi ní Iléṣà, nítorí ọmọ tó lọ aṣọ mi

Màmá,

Sátidé tó kọjá la ṣe ìrántí ọdún kan yín. Èrò pọ̀. Àwọn ìyá ìjọ wọ funfun, wọ́n kọ orin tí ẹ máa ń dá lẹ́nu bí ẹ bá ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, gbogbo ilé sì mì tìtì. Èmi ni wọ́n ní kí n gba àdúrà ìdúpẹ́. Mo gbà á dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi.

Nígbà tí èrò túká, a wọ yàrá yín láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn àpótí aṣọ òkè yín: áyọ́ọ̀nù eléèédú. Igi ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú, àkùkọ kékeré tó máa ń de ìdérí rẹ̀ ti ṣẹ́ lọ́rùn. Mo ṣí i, eérú ṣì wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi ní ká kó o fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní rárá. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e wá sí Ìkòròdú. Orí tábìlì tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ló wà.

Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti 1999 lẹ ti mọ̀ ọ́n.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn, kí ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí má baà rò pé ìkà ni yín. Mi ò tíì rí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó yín. Mo rántí ọdún tí ẹ ti ìsọjí dé, tí ẹ gbé kóńgò tí ẹ fi ń wọn gàrí ní ọjà Àtàkúmọ̀sà sórí itan, tí ẹ ń wo ìdí rẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí náà wọnú. Bí ẹ bá wọn ún tó ga bí òkè, kò kún. Oníbàárà tó ti gbé e lọ bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Ẹ kò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé kóńgò náà lélẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ ra tuntun. Lẹ́yìn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà yín lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ dákun, mo jẹ yín ní gbèsè, ẹ kò mọ̀ ni.” Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ fi ń bu gàrí lé gàrí fún wọn, ẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní ènì. “Oore là ń pè ní ènì,” lẹ wí, “gbèsè nìyí.” Èmi ni mò ń so ọ̀rá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní orí yín ti dàrú. Ìwé Òwe lẹ fi dá wọn lóhùn: òṣùwọ̀n èké, irira ni lójú Olúwa.

Ọmọ òṣómàáló ni yín. Bàbá yín ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì, ẹ sì máa ń lóṣòó fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi hàn wá bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà ṣe ń ṣe é lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè: òṣó làwọn máa ló títí owó àwọn yóò fi jáde. Ẹ ní ẹni tó bá rí òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò ní í rójú jẹun.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ kì í yé sọ ti Òkè-Òoyè ní Iléṣà, nítorí ìyá yín rí ìsọjí 1930 sójú. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wọ́n ń kó oògùn wọn jáde, wọ́n ń jẹ́wọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú rẹ̀ lẹ fẹ́ràn jù, ti ọdún 1928, nígbà tó ṣì ń wa kátápílà tó ń tẹ títì, tí ẹ̀rọ dákú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ohùn pè é, tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀lé ohùn. Ẹ máa ń ní ẹ̀rọ lè dákú fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sọ̀ kalẹ̀.

Màmá, kí ló dé tí ẹ kò fi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tiwa?

Mi ò ní kọ orúkọ ọmọ náà síbí. Orúkọ rẹ̀ la kọ́kọ́ bà jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, èmi jẹ́ mọ́kànlá. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ pé bó bá pé ọdún méjì, ẹ ó fi í síṣẹ́ aránṣọ, ẹ ó ra ẹ̀rọ fún un. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń wẹ àbúrò mi, òun náà ló kọ́ mi ní ìṣirò lórí ìka nígbà tí mo ti sú tíṣà. Orin kan wà tó máa ń kọ sínú bó bá ń ṣiṣẹ́. Kò mọ̀ ju ìlà méjì lọ nínú rẹ̀.

Ní 1994, owó àjọ yín wà nínú agolo Bournvita. Èmi ni mo mú ₦50 mẹ́ta níbẹ̀. Mo fi ra bọ́ọ̀lù félélé, mo fi ìyókù ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún ara mi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ṣe bí ọmọ olówó fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ẹ bi wá lálẹ́, mo ní mi ò mọ̀. Ẹ bi í, òun náà ní òun kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà la sọ, tèmi lẹ gbà.

Ó kúnlẹ̀ di òru. Kò dárúkọ mi. Nígbà náà mo rò pé kò mọ̀ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ro ó dé ibẹ̀ pé òun ló ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi láràárọ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà sì ni bọ́ọ̀lù wà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ẹ fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó mú un wá pé kó wá mú un lọ. Òórùn èédú ló jí mi. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ó ń lọ aṣọ ilé ìwé mi. Ẹni tí wọ́n ti lé! Ó bu omi sẹ́nu, ó fín in sára ṣòkòtò náà, ó tẹ̀ ẹ́ títí ìlà rẹ̀ fi mú bí abẹ. Ó gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe, ó pa áyọ́ọ̀nù dé, ó yí àkùkọ rẹ̀ padà. Ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ọ̀rá aṣọ rẹ̀, ó wọ sálúbàtà tí wọ́n fi wáyà so ní ẹsẹ̀ kan, ó tẹ̀lé obìnrin náà. Mo wọ aṣọ yẹn lọ sílé ìwé, Màmá. Tíṣà ní kí n jáde síwájú kí àwọn ẹgbẹ́ mi wo bí ọmọ ṣe ń mọ́ tónítóní.

Nígbà tí àkùkọ Pétérù kọ, ó jáde lọ sọkún. Àkùkọ tèmi, irin ni. Ọdún márùn-ún ló fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ìṣọ́ òru kan ní 1999, tí oníwàásù ka Òwe 28:13 títí ara mi fi ń gbọ̀n, mo délé ní ìdájí, mo jí yín, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ẹ sọkún, ẹ fà mí mọ́ra. Ẹ ṣí Sáàmù 51, ẹ ní kí n kà á sókè: “Ìwọ, ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí.” Ẹ ní Ọlọ́run ti gbọ́, ó ti parí. Mo bi yín bóyá ká lọ wá a. Ẹ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ní, “Má tú ohun tí Ọlọ́run ti bò. Ojú á tì wá.”

Mo ti fi Sáàmù yẹn ṣe òògùn oorun láti ìgbà náà. Àmọ́ nígbà tí Dáfídì sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Ùríà tó ní kí wọ́n pa ti kú. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí Dáfídì fẹ́ kàn mọ́. Tiwa kò kú. Ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà ni abúlé wọn wà, ẹni tó bá wọkọ̀ láàárọ̀ á ti padà sílé kí ó tó di ọ̀sán. Jésù ní bí o bá dé ibi pẹpẹ tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, kí o fi ẹ̀bùn rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Kò ní kí o dúró síbẹ̀ máa gbàdúrà nípa rẹ̀. Sákéù tí ẹ fi ń wàásù nígbà ọ̀rọ̀ kóńgò, ẹ tún un kà, ẹ ẹ́ rí i: “Bí mo bá sì fi ẹ̀sùn èké gba ohun kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.” Ẹ̀sùn èké, Màmá! Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ₦150 jẹ́ ₦600, kò ra odindi búrẹ́dì kan lónìí. Èló wá ni ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀rọ ìránṣọ tí a kò rà? Èló ni ti bàbá tó jókòó, tí wọ́n wá sọ fún un pé olè lọmọ rẹ̀?

Inú ń bí mi sí yín. Ẹ lè fẹsẹ̀ tẹ kóńgò fọ́ lójú gbogbo ọjà, ẹ kò lè kúnlẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jalè. Mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan péré lẹ dá mi dúró. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ dá mi dúró láti ìgbà yẹn. Síbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo gbà pé ó mọ ọ̀nà sí Ọlọ́run. Bí ẹ bá ti ní ká lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni mi ò bá fi rìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Ẹ mọ ibi tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọmọkùnrin méjì ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, iye tí wọ́n bá tẹ̀ ni mò ń san fún wọn. Sìmẹ́ǹtì wọ́n, àwọn oníbàárà kó ọjà láwìn lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mi ò fi san owó wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí bu ₦120,000 lé mi nítorí ìrántí yín, lọ́jọ́ tí wọ́n dá náà ni mo gbé e kalẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Owó àwọn ọmọ yẹn ni mo fi jẹ ọmọ rere. Jákọ́bù ní ọ̀yà alágbàṣe tí a dá dúró ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Nígbà tí mo ń gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn, igbe wọn ti ṣáájú mi débẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọn kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, àbúrò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò pariwo. Mo wò ó, mo rántí bàbá yín. Nígbà tí oòrùn mú, èyí àbúrò dìde, ó gbé garawa, ó lọ bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ó má baà là. Kò sẹ́ni tó rán an. Lẹ́yìn náà ó padà wá lóṣòó síbi tó wà. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò lè dúró lórí ẹsẹ̀ mi.

Mo ta jẹnẹrétọ̀ lánàá. Ó san ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan kù, mo ti dá ọjọ́ fún wọn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní, “Ọ̀gá, kò tó bẹ́ẹ̀.” Ìbá sàn kó bú mi.

Mo gbàgbé láti sọ pé obìnrin tó mú ọmọ náà wá fún wa wà níbi ìrántí yín. Ó ti darúgbó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo bi í pé níbo ló wà báyìí. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó wò mí pẹ́, ó ní, “Kí lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?” Ìgbà tí mo sọ òtítọ́ fún un, kò dáhùn. Ó ṣe díẹ̀ kó tó júwe abúlé náà fún mi. Ó ní bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní olóko ni òun fúnra rẹ̀, kò kọ́ṣẹ́ kankan.

Sátidé yìí ni màá lọ. Mo ń tọ́jú owó díẹ̀, kò tíì tó nǹkan kan, mi ò sì ní fi ṣe iwájú. Mo kọ́kọ́ rò pé bí kò bá fẹ́ rí mi, màá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi jáde. Mo wá rí i pé ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló ni òṣó. Bó bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Bóyá orúkọ mi ni màá kọ́kọ́ sọ, nítorí ó lè má dá mi mọ̀ mọ́.

Aṣọ tí màá wọ̀ lọ, èmi fúnra mi ni màá lọ̀ ọ́.

Ọmọ yín ni.