Ẹ yẹ ìdí kóńgò wò kí ẹ tó ná ọjà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwa tí à ń ra gaàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ní kóńgò ni mo bá wá. Púpọ̀ nínú wa mọ ọjà ná dáadáa. A ó dúró lórí igba náírà títí oníṣòwò yóò fi gbà fún wa. Ibi tó ti ń gba owó rẹ̀ padà ni a kì í wò, inú kóńgò sì ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 2,000 náírà ni kóńgò ẹ̀wà, ẹ sì ná an di 1,850. Bí kóńgò náà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí wọ́n ti lu gbogbo ìdí rẹ̀ wọnú ní sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀, ìdámẹ́wàá ẹ̀wà yín ti lọ. Igba náírà nìyẹn. Ẹ jèrè 150, ẹ pàdánù 200.

Òṣùwọ̀n ló yẹ ká kọ́kọ́ ná. Ẹ gba kóńgò òfìfo lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù yóò ní kòtò nídìí, inú rẹ̀ yóò sì wú sókè bí ẹ̀yìn àwo. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, torí àwọn kan máa ń fi páálí tàbí àbẹ́là yíyọ́ tẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ oníke, ẹ fọwọ́ yí ẹnu rẹ̀ ká: etí tó nípọn tí ilé iṣẹ́ ṣe sí i kì í sí lára èyí tí wọ́n gé kúrú. Àwọn míì ní kóńgò méjì, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún wíwọ̀n. Èyí tí ẹ yẹ̀ wò gan-an ni kí wọ́n fi wọn tiyín.

Ọwọ́ tó ń wọ̀n ọ́n tún ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń wọn ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, ọwọ́ òsì wọn á ká ẹnu kóńgò, òkìtì á sì ga sókè. Bí wọ́n bá ti ń gbé e, apá kan òkìtì náà á ṣàn padà sínú abọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n yọwọ́ kí wọ́n tó gbé e. Ti gaàrí yàtọ̀: afẹ́fẹ́ máa ń wà láàárín rẹ̀ bí wọ́n bá rọra dà á, kóńgò á sì tètè kún. Ẹ ní kí wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á lọ sílẹ̀, kí wọ́n wá bù kún un. Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ gaàrí náà wò pẹ̀lú. Bó bá lẹ̀ pọ̀, kò gbẹ, kò sì ní pẹ́ bu.

Èènì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bèèrè èènì kí owó tó gbà, inú kóńgò rẹ̀ náà ni wọn yóò ti yọ ọ́ fún un. Ẹni tó sì ń ra odidi àpò ìrẹsì, kó wo ojú rírán ẹnu àpò. Bó bá rí ihò abẹ́rẹ́ ní ìlà méjì, tàbí okùn tí wọ́n fọwọ́ rán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tú u, kí wọ́n sì tún un dì.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìyá ọlọ́jà. Wọ́n ń san owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ìsọ̀. Oníbàárà tó ń ná ọjà wálẹ̀ ju iye tí wọ́n rà á lọ ló ń kọ́ wọn ní lílu ìdí kóńgò. Ẹ bèèrè ní ìsọ̀ mẹ́ta kí ẹ tó dá iye. Bí iye wọn bá sún mọ́ra, 50 tàbí 100 náírà ló kù tí ẹ lè ná kúrò níbẹ̀.

Láti 1974 ni òfin òṣùwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà, ó sì lòdì sí irú jìbìtì yìí. Mo ń bẹ àwọn ìyálọ́jà wa, láti Bódìjà títí dé Mile 12, pé kí wọ́n ní kóńgò kan tí òṣìṣẹ́ òṣùwọ̀n ti fi òǹtẹ̀ lù. Kí wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí oníbàárà tó bá ń fura lè lọ wọn ọjà rẹ̀ wò níbẹ̀ kó tó wọkọ̀ lọ sílé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn