Ẹ ka ilé kí ẹ tó gbẹ́ gọ́tà: lẹ́tà gbangba sí àwọn ìjọba wa nílé

Ẹ̀yin gómìnà wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀yin aṣojú wa l'Ábújá,

A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú òyìnbó ni wá, ẹgbẹ́ wa ti lé lógún ọdún, nọ́ọ̀sì wà nínú wa, lọ́yà wà, dókítà méjì, ẹnjiníà mẹ́ta tó jẹ́ pé iṣẹ́ ojú àgbàrá gan-an ni wọ́n ń ṣe níbí, alága wa fúnra ẹ̀ ti ṣe káńsẹ́lọ̀ rí, kí ẹ má baà rò pé àwọn tí ò níṣẹ́ ló jókòó ti fóònù.

Fídíò òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mú wa kọ̀wé, ẹ̀yin náà ti rí i, ìyá àgbà tó dúró sórí tábìlì nínú yàrá ara ẹ̀. Ọ̀gá kan wá bọ́ sórí rédíò pé aráàlú ló ń da ilẹ̀ sí gọ́tà. A ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá ń lò, ṣé kò ní kún ni? Àbàtà tó yẹ kó mu omi òjò, iyanrìn la dà sí i torí èèyàn ń pọ̀ wọ́n sì gbọ́dọ̀ ríbi sùn, ibi tó bá sì ti di sìmẹ́ǹtì omi ò lè wọlẹ̀ mọ́, ó máa sáré lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni. Ìbàdàn ò gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa 1980, ti 2011 tún dé.

Mélòó wá ni wá? 2006 ni wọ́n ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, wọ́n ní mílíọ̀nù 140. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń dìbò! Èkó tiẹ̀ ló pa wá lẹ́rìn-ín: ìjọba àpapọ̀ ní mílíọ̀nù 9, ìjọba Èkó ní 17 lé, ọdún kan náà o. Èwo ni kí ẹnjiníà fi yàwòrán gọ́tà? Ti 2023 tí wọ́n sún síwájú ńkọ́?

Àwọn kan nínú wa fẹ́ ká fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí kún un, bí ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 1988 tó ní ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan. Ìjà ló dà ní mítíńgì, àwọn ìyá wa ní ti ọkùnrin ńkọ́, mélòó? Kò sẹ́ni tó dáhùn, a fi sílẹ̀.

Ohun tá a ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ẹyọ kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ní Àbújá nìkan lófin gbà láyè láti ka èèyàn, ẹ ka ilé. Gbogbo ilé, yàrá mélòó, gọ́tà wo ni omi ẹ̀ ń bá lọ, kí ẹ tó fọwọ́ sí ẹ́sítéètì kankan mọ́. Àwọn ẹnjiníà wa á wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwa la máa san owó ọkọ̀ òfurufú wọn.

Ẹ má bínú o, lẹ́tà kẹta rèé. Àkọ́kọ́ ò lésì, èkejì wọ́n ní "a ti rí i gbà". Tí ìbò bá dé, ẹ máa ń rí nọ́ńbà wa pè. A fẹ́ èsì kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, ìmeèlì wa ò yí padà.

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀